Ṣé O Mọ̀ Pé Ọ̀rá Lásán Lè Sọ Kọ̀ǹpútà Di Ààrò?

Ọ̀rẹ́ mi, dúró ná. Sún mọ́ mi níbí. Ṣé o mọ̀ pé kúlà inú kọ̀ǹpútà àti kúlà òde àríyá kì í ṣe ọmọ ìyá?

Kúlà onírẹsì, ooru ló ń há mọ́lé. O ṣí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ṣì ń rú èéfín. Ti kọ̀ǹpútà, ooru ló ń lé jáde. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ tó kẹ̀yìn síra!

Orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí. Ọpọlọ ni mo wí o, n ò pe ọ̀pọ̀lọ́. Pírósẹ́sọ̀ làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nílé, ìdí kúlà yìí ni ọwọ́ rẹ̀ ti sábà máa ń gbọ̀n.

Ó sì yẹ kó gbọ̀n. Gbọ́ eléyìí.

Ọpọlọ Core i9-13900K ti Intel lè jẹ iná tó 253 wáàtì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibo ni gbogbo iná yẹn ń gbà lọ? Ooru ló ń dà. Gbogbo rẹ̀!

Ojú ibi tí ooru yẹn ti ń jáde ńkọ́? Bíi 257 mm². Wo èékánná àtàǹpàkò rẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Mo gbé ìṣirò lé e. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó jẹ́ 1,000 wáàtì, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 200 cm², wáàtì 5 péré ló kan cm² kọ̀ọ̀kan. Ti ọpọlọ yìí fẹ́ẹ̀ẹ́ pé 100! Ìlọ́po 20 áyọ́ọ̀nù, lórí ohun tó tó èékánná.

Wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́ o. Ní 2001, Pat Gelsinger ti Intel bọ́ síwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ooru tó ń jáde lójú ọpọlọ kọ̀ǹpútà á bá ti iná átọ́míìkì dọ́gba, á bá ti ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì dọ́gba, lẹ́yìn náà ló kan ojú oòrùn. Ojú oòrùn! Nínú yàrá rẹ!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọpọlọ àkọ́kọ́ kò ní kúlà. Kò ní fáànù. Kò ní nǹkan kan lórí. Intel 4004 ni, oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹsẹ̀ 16 ló fi dúró. Tìrànsísítọ̀ 2,300 ló wà nínú rẹ̀, torí ẹ̀rọ ìṣirò ilé iṣẹ́ Busicom ní Japan ni wọ́n sì ṣe ṣe é.

Ti òde òní ńkọ́? Nínú Ryzen 7000 ti AMD, ẹ̀là kan ṣoṣo tí kò ju bíi 70 mm² lọ ní tìrànsísítọ̀ bílíọ̀nù 6.5. Àwọn kan sì ní ẹ̀là bẹ́ẹ̀ méjì!

Ti IBM PC, tó jáde ní 1981, ìhòòhò ni ọpọlọ tirẹ̀ wà. Fáànù tó wà nínú gbogbo àpótí náà, ara ẹ̀rọ tó ń pín iná ló wà. Ọpọlọ ò rí ìkankan gbà.

Steve Jobs ti Apple kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ariwo fáànù. Bí Apple III ṣe jáde ní 1980 nìyẹn láìní fáànù kankan. Ó gbóná. Àwọn ṣípù inú rẹ̀ ń yọ kúrò lójú ihò wọn. Ìmọ̀ràn wo wá ni Apple fún àwọn tó rà á? Gbé e sókè díẹ̀ lórí tábìlì, kí o jù ú sílẹ̀! Ẹ̀rọ tó wọ́n bí ojú! Jù ú sílẹ̀ kó lè sàn.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Ìdí kúlà tuntun ń dán bíi dígí. Kó má baà họ, wọ́n á lẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọn. Wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé yọ ọ́ kí o tó lò ó. Síbẹ̀, nínú gbogbo àṣìṣe ìdí iṣẹ́ yìí, gbígbàgbé rẹ̀ wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù.

Mo mọ̀ nítorí pé ó ti mú mi rí. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tò, mo tàn án, mo wọ BIOS, ojú ìwé ètò inú kọ̀ǹpútà, mo ń wo bí ìgbóná ṣe ń gùn. 60. 71. 84. 97. Ó kú pii. Mo bú àwọn oníná. Mo bú ẹni tó tà á fún mi. Mo tún lọ ra fáànù kejì! Ọjọ́ kẹta ni mo tó tú kúlà, ọ̀rá náà sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ síbẹ̀. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ṣé o mọ ohun tí ǹ bá fi mọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní? Ìka ọwọ́ lásán!

Bí BIOS bá ti ń pariwo 95°C, pa kọ̀ǹpútà, rọra fi ìka kan àwọn ewé alumí tó wà lára kúlà. Bí wọ́n bá tutù bí ìkòkò àmù, ooru ò kọjá. Ara ò kan ara. Bí wọ́n bá gbóná janjan, ooru ń kọjá dáadáa, fáànù tàbí afẹ́fẹ́ inú àpótí ni kí o lọ bá wíjọ́. Ìka kan, ìdáhùn méjì, o ò ná kọ́bọ̀.

Báwo ni nǹkan fẹ́lẹ́ ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀? Di etí rẹ mú kó má já: bàbà ń gbé ooru kọjá tó nǹkan bí ìlọ́po 15,000 ti afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan. 15,000! Bí afẹ́fẹ́ tí kò nípọn ju bébà kan lọ, 0.1 mm, bá wà láàárín kúlà àti ọpọlọ, ó dà bí ẹni pé o ki ọ̀pá bàbà mítà kan ààbọ̀ sáàárín wọn. Ọ̀pá tó ga tó ọmọ ọdún méjìlá. Nítorí bébà kan!

Ibẹ̀ ni pésìtì ti wọlé. Ìpara aláwọ̀ eérú ni, inú ike tó dà bí síríǹjì dókítà ló ń wà.

Èló ni kí o fún sí i? Hóró ẹ̀wà kan. Ẹ̀wà olóyin kan ṣoṣo, láàárín gbùngbùn. Kúlà fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ tó fi máa fẹ̀. Ẹni tó bá ń dà á bí ọbẹ̀ sórí àmàlà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò ti ṣàn jáde, iṣẹ́ nínù ló sì fi rà.

Ṣé o mọ̀ pé pésìtì fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ooru gbé? Nínú òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbígbé ooru, bàbà gba bíi 400. Alumí gba bíi 237. Pésìtì tó dára gba 8 tàbí 10. Ẹ gbà mí o! Ọ̀lẹ paraku ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gba 0.026, ọ̀lẹ yìí sì wá di akọni.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lára pésìtì ni pé ó máa ń jẹ́rìí. Yọ kúlà, yí ìdí rẹ̀ sókè, kí o wò ó. Bó bá tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara kan ara. Bí apá kan bá nípọn tí apá kejì gbẹ, kúlà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ṣì rí róbótó bí o ṣe fún un sílẹ̀, á jẹ́ pé kúlà yẹn ò débẹ̀ rí láyé rẹ̀! O rí i? Ẹlẹ́rìí tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Tó o bá ti ka ẹ̀rí rẹ̀ tán, nù ún nù pátápátá, kí o fún tuntun. Ti àná ò ṣeé tún tẹ̀.

Àwọn kan ti fi ọṣẹ ìfọyín rọ́pò rẹ̀ rí. Ó ṣiṣẹ́! Fúngbà díẹ̀. Ó gbẹ, ni ìgbóná bá gùn padà. N ò ní kí o dán an wò o, mo kàn ní kí o gbọ́ ni.

Irin tó ń ṣàn bí omi ńkọ́? Ó wà! Gálíọ̀mù ń yọ́ ní 29.76°C. Gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì l'Ékòó lọ́sàn-án oṣù kẹta, fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́, láìsí ààrò, láìsí ẹyin iná. Wọ́n pò ó mọ́ àwọn irin mìíràn, ó di ohun tí wọ́n ń fi sáàárín ọpọlọ àti kúlà. Inú PlayStation 5, tó jáde ní 2020, ó wà níbẹ̀.

Kó kan alumí báyìí? Á jẹ ẹ́ wọnú. Alumí tó le á bẹ̀rẹ̀ sí í rún bíi bísíkíìtì. Kúlà onídìí alumí kò gbọdọ̀ rí i sójú.

Àmọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo ìgbóná ni àìsàn. Ṣé o mọ̀ pé AMD ṣe Ryzen 7000 kó lè máa ṣiṣẹ́ ní 95°C, tọ̀sán-tòru? Omi kù díẹ̀ kó hó lórí rẹ̀, ara rẹ̀ sì le koko! Ẹlòmíràn á rí 95 yẹn, á tú kúlà ní ìgbà mẹ́fà, kúlà ò sì ṣe nǹkan kan.

Kúlà onífáànù kankan ò sì lè mú ọpọlọ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Kò sí èyí tó lè ṣe é, ì báà jẹ́ olówó iyebíye. Bí yàrá rẹ bá jẹ́ 34°C, tí ọpọlọ tó jókòó láìṣiṣẹ́ wà ní 45°C, kò ṣe ọ́ ní ibi. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi 30°C yangàn láti Manchester, òtútù ló ń bá a yangàn.

Ká lọ sídìí sukúrù. Mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ṣé o ti wo fọ́kánáísà dáadáa rí? Kì í de nọ́ọ̀tì kan pa kó tó lọ sí èkejì. Á dè é díẹ̀, á fò sí èyí tó dojú kọ ọ́, á tún padà. Bí wọ́n ṣe ń de kúlà gan-an nìyẹn! Ẹni tó bá de igun kan tán kó tó dé ìkejì, kúlà á dà bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Èyí tó máa yà ọ́ lẹ́nu rèé. Bí o bá dè é kọjá ààlà, tàbí tó le lápá kan ju apá kejì lọ, RAM, ibi ìrántí kọ̀ǹpútà, lè pòórá! O fi 32 GB sí i, kọ̀ǹpútà búra pé 16 lòun rí. O pààrọ̀ RAM, kò gbọ́. O pààrọ̀ ihò, kò gbọ́. O tú sukúrù kúlà, o tún un dè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, RAM padà wálé. RAM lọ́tọ̀, kúlà lọ́tọ̀!

Ọ̀rọ̀ lílejù yìí ká AMD lára débi pé, nígbà tí ọpọlọ Threadripper rẹ̀ jáde ní 2017, sukudíráfà wà nínú páálí rẹ̀. Bó bá ti de sukúrù sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibùjókòó ọpọlọ, tó 1.5 N·m, á dún kẹ́, ó parí. O lè fi gbogbo agbára ìyá rẹ yí i, kò ní dè é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ kúlà tí Intel ń fi sínú páálí ò tilẹ̀ ní sukúrù. Ẹsẹ̀ ike mẹ́rin ni. Láti ìgbà sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA775, ní 2004, ni wọ́n ti ń dá ọmọ ènìyàn lóró.

Tẹ ọ̀kan. Kà! Tẹ èyí tó dojú kọ ọ́. Kà! Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo nǹkan jókòó lé, á máa tẹ̀ bí ẹní, ọkàn rẹ á máa fò sókè. O tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. O rò pé ó parí? Yí i padà, ka ẹsẹ̀ tó yọ sẹ́yìn. Mẹ́ta! Ìkẹrin ń díbọ́n lókè.

Ọfà kékeré kan wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tí ọfà kọjú sí ni wọ́n ń yí i sí láti dè é. Rárá o! Láti tú u ni. Wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn tú u, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́.

Ihò tí ẹsẹ̀ yẹn ń wọ̀ gan-an, ìtàn ni. Ti LGA775, 72 mm ló wà láàárín ihò méjì. Láti LGA1156 ní 2009 títí dé LGA1200, 75 mm. LGA1700 dé ní 2021, ó di 78 mm. 72, 75, 78! Mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹni ń ta ìṣáná.

3 mm péré. Nítorí 3 mm, kúlà tó ti bá ọ gbé láti ọjọ́ yìí wá ò wọlé mọ́.

Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù ASUS kan lu oríṣi ihò méjèèjì. Kúlà àtijọ́ wọlé, o yọ̀. Má tíì yọ̀! Ojú ọpọlọ tuntun yẹn relẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 1 mm. Kúlà lè wà nílé kó má tẹ̀ ẹ́ tó.

Ilé iṣẹ́ Noctua ti Austria ní tiwọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi irin ìdè tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ìwé pé òun ra kúlà wọn. Ọ̀pọ̀ kúlà tí wọ́n ṣe láti 2005 ṣì ń gun orí ọpọlọ tuntun. Ìgbà wo ni wọ́n ti fi nǹkan ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ kẹ́yìn?

Lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ti AMD, tú sukúrù mẹ́rin tó di ike dúdú mú. Gbàà! Kí ló já bọ́? Irin tó wà lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù. Sukúrù kan náà ló di méjèèjì mú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọ. O wá ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ọwọ́ kejì ń wá ihò níwájú, bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ tó ń sá kiri ilé.

AM5, tó dé ní 2022, ti dáwọ́ eré yẹn dúró. Irin ẹ̀yìn tirẹ̀ kì í bọ́. Ó ti wá le jù: kúlà AM4 tó gbé irin ẹ̀yìn tirẹ̀ wá láti ilé ò lè gun orí rẹ̀, nítorí pé onílé ò kúrò nílé.

Yíyọ kúlà ńkọ́? Há! O fa kúlà AM4, ó gbéra, o dúpẹ́. O yí i padà, ọpọlọ wà nídìí rẹ̀! Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní títì, pésìtì gbígbẹ ti fà á tu bí eyín. Abẹ́rẹ́ 1,331 ló wà lábẹ́ ọpọlọ yẹn, irun ìpéǹpéjú ni wọ́n jọ. Tí mẹ́ta bá tẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ nìyẹn.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Pésìtì á rọ̀. Wọ́n á pa iná, wọ́n á yọ wáyà lára ògiri, wọ́n á yí kúlà sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni ń ṣí ìgò oyin tó ti lẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e.

Intel ti kó abẹ́rẹ́ kúrò lábẹ́ ọpọlọ láti 2004, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n kó o lọ. LGA1700 ní 1,700. LGA1851 ní 1,851. Inú orúkọ ni wọ́n ti ka iye rẹ̀ fún ọ!

Ó wá kan fáànù. Ṣé o mọ̀ pé ihò tí o ki wáyà rẹ̀ sí lè mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tàn? CPU_FAN ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tirẹ̀. Ki í sí ibòmíràn, fáànù á máa yí fìrìfìrì lójú rẹ, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sójú gíláàsì pé òun ò rí fáànù ọpọlọ. Ó ń yí o! Ó rí i! Kò gbà.

Wáyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìkẹrin ń rán iná tán-pa, tán-pa, ní ìgbà 25,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ọmọ ènìyàn ò gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 lọ. Fáànù náà ń kọrin, kìkì pé orin rẹ̀ ga ju etí rẹ lọ ni.

Fáànù 120 mm tó ń yí ní 1,500 lójú ìṣẹ́jú kan, ṣé o mọ bí ṣóńṣó abẹ́ rẹ̀ ṣe ń sáré tó? Bíi 34 km láàárín wákàtí kan! Ọ̀kadà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò lè lé e bá. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti yí po ní ìgbà mílíọ̀nù méjì ó lé.

Ìhà wo ló ń fẹ́ sí? Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí apá ike mẹ́rin ti di àárín mú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹni tó bá fi fáànù méjì kọjú síra wọn, wọ́n á máa fẹ́ra wọn lójú, ooru á jókòó sáàárín bí ọba.

Kúlà NH-D15 ti Noctua yẹn, pẹ̀lú fáànù rẹ̀ méjì, wúwo tó 1.32 kg. Omi lítà kan ò tó o. Ó sì ga ní 165 mm. Àpótí tó gba 160 mm péré, o ti de gbogbo nǹkan tán, o ti fi wáyà sí gbogbo ihò, ilẹ̀kùn ò pa dé. 5 mm! Wọn gíga àpótí kí o tó náwó, mo bẹ̀ ọ́.

Kúlà olómi ńkọ́? Ó ní pọ́ǹpù, ó ní rọ́bà méjì, ó ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná janjan tí ìkejì tutù nini, omi ò rìn. Nígbà mìíràn, wáyà pọ́ǹpù ni wọ́n gbàgbé. Tàbí wọ́n ki í sí ihò fáànù tó ń rìn jẹ́jẹ́, pọ́ǹpù náà wá ń rìn jẹ́jẹ́!

Bó bá ń dún kúlúkúlú bí ẹni ń mu ògì, afẹ́fẹ́ ti wọ pọ́ǹpù. Gbé rédíétọ̀ ga ju pọ́ǹpù lọ, afẹ́fẹ́ á gbòkè lọ.

Ó tán? Kò tán! Ṣé o mọ̀ pé kúlà tí wọn ò pè ní olómi, omi wà nínú òun náà? Inú àwọn páìpù bàbà rẹ̀. Ẹ̀kán omi díẹ̀ ni. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dí i, omi yẹn wá ń hó láìtíì sún mọ́ 100°C rárá. Ó ń di oru omi níbi ọpọlọ, ó ń padà di omi níbi ewé alumí, ó tún ń sáré padà síbi ọpọlọ. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí iná. O ti ń gbé e káàkiri láìmọ̀.

George Grover ní Los Alamos, Amẹ́ríkà, ló sọ irú páìpù bẹ́ẹ̀ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ní 1963. Ní 1967, ọ̀kan ti ń yí ayé po lójú òfuurufú!

Lẹ́bàá páìpù epo ńlá tó la Alaska kọjá, ó lé ní 100,000 irú rẹ̀ tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ilẹ̀ dídì ni wọ́n ń ṣọ́ kó má yọ́. Ẹbí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ ló ń mú ilẹ̀ Alaska dì!

Ọpọlọ tí kúlà bọ́ lórí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti ṣe é rí. Ní 2001, ìkànnì Tom's Hardware ya fídíò rẹ̀: wọ́n ń ta eré kọ̀ǹpútà Quake III lọ́wọ́, wọ́n sì gbé kúlà kúrò. Pentium 4 kàn rọra ń falẹ̀. Wọ́n dá kúlà padà, ó tún sáré. Pentium III dákú, kò kú. Athlon ti AMD? Èéfín!

Athlon ìgbà yẹn ò ní ìbòrí irin. Ẹ̀là ìhòòhò ni, igun rẹ̀ sì lè sán bí etí àwo tí kúlà bá fì nígbà tí o ń gbé e lé e. Sukudíráfà ni wọ́n fi ń tẹ ìdè rẹ̀ wọlé. Tó bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, mọ́dábọ́ọ̀dù ló máa gún. Ọpọlọ lọ, tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù lọ. Àwọn tó to kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, ẹ kú orí ire.

Tòde òní ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná nínú ara rẹ̀, á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, á sì pa ara rẹ̀ kó tó jóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá mi ò fi sun kọ̀ǹpútà mi.

Gbẹ̀yìn gbẹ́yín, èyí. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n da hẹ́líọ̀mù olómi, tó ń hó ní -269°C, lé Core i9-14900KS lórí. Ó sáré dé 9,117 MHz, kò sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kankan tó sáré tó bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Ìkòkò bàbà ni wọ́n máa ń gbé lé ọpọlọ fún irú eré bẹ́ẹ̀. Kí ló máa ń wà láàárín ìkòkò àti ọpọlọ? Pésìtì! Òtútù á tilẹ̀ mú un débi pé ó lè sán, ara ò ní kan ara mọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tìrẹ ńkọ́, èyí tó ń sáré bí ọ̀kadà lábẹ́ tábìlì yẹn? Ọ̀rá ìdí rẹ̀ dà? Ṣé o rántí ibi tí o jù ú sí?